Jákẹ́ẹ̀tì Aláwọ àti Aṣọ Iṣẹ́ Àtijọ́: Láti Aswani Títí Dé Hédzranawoé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ná ọjà Aswani, ẹni tó bá sì fẹ́ rí nǹkan gidi níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn bá òun nílé. Àwọn alábàárù ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀lì, ìdì ńlá aṣọ àlòkù, kalẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Kílò 55 ni bẹ́ẹ̀lì kan. Bí wọ́n bá ti já okùn rẹ̀, àwọn tó ti sanwó fáàsì sẹ̀lẹ́kíṣọ̀n ni yóò kọ́kọ́ kó ọwọ́ bọ̀ ọ́. N kì í bá wọn du ìyẹn. Aṣọ tó mọ́, tó ń dán, tó dà bíi pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí ni wọ́n ń wá. Èyí tí wọ́n bá jù sẹ́yìn ni tèmi: kóòtù iṣẹ́ tí oòrùn ti mú àwọ̀ rẹ̀ lọ, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí ìgbúnwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ṣòkòtò tí ẹnì kan ti lẹ̀ lórúnkún léraléra.

Mò ń kó jákẹ́ẹ̀tì aláwọ àti aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ jọ, àwọn aṣọ tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ, ní ojú irin, nínú ihò kùsà, lórí alùpùpù. Díẹ̀ ń dúró sílé mi. Díẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá aṣọ fún eré sinimá ní Èkó. Èyí tí mo bá rà nílẹ̀ àwọn aládùúgbò wa, ní Kútọnú àti Lomé, ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní London, tó máa ń pàtẹ ní Brick Lane lọ́jọ́ Àìkú.

Mo bá jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì Levi's kan lábẹ́ òkìtì. Ọmọkùnrin tó ni àtẹ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, orígínà ni, ti láéláé ni." Mo wo pélébé aṣọ pupa tó wà létí àpò àyà rẹ̀. Títí di 1971, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ gbogbo orúkọ náà síbẹ̀, pẹ̀lú E ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni E náà di kékeré. E kékeré ló wà lára èyí. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo sì rí lébẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọn yóò ṣe fọ aṣọ náà, èyí tí òfin Amẹ́ríkà sọ di dandan láti 1972. Mo ní, "Àbúrò, kì í ṣe ti láéláé, àmọ́ aṣọ dáadáa ni." Mo fi E náà hàn án, mo sì sọ fún un pé ọjọ́ tó bá rí E ńlá, kó má ta á ní iye tó ń ta ìyókù.

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní mò ń ba ọjà ara mi jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra bẹ́ẹ̀lì tí kò rí inú rẹ̀, tó gbé ewu náà lórí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ra aṣọ àtijọ́ ló gbà pé àìmọ̀ olùtajà ni èrè wa. Èrè tèmi ni kí olùtajà máa pè mí bó bá rí nǹkan, kò sì ní pè mí bí mo bá ti rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́rú, Mile 2 sí Kútọnú

Ìdájí ni mo wọkọ̀. Ọ̀nà Badagry gbà wá lákòókò bó ṣe máa ń gbà wá. Ní Ṣẹmẹ̀ mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, mo sì kọjá.

Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà kò gbà kó wọlé láti òkèèrè, nítorí náà n kì í rà á bọ̀ wá sílé. Láti Lomé ló ń bá bàálù lọ. Àpò kan ṣoṣo ni mo gbé: tọ́ọ̀ṣì, téèpù ìwọnṣọ, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, àkísà funfun, àbẹ́là kan, àti ìwé tí mò ń ya orí síípù sí.

Ọjọ́bọ̀, Missèbo

Missèbo, ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù ní Kútọnú, kò jìnnà sí Dantokpa, ọjà ńlá ìlú náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ jẹ́ Ígbò, Fọn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn ń sọ, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń gbọ́ ara wọn yé nígbà tí owó bá di àríyànjiyàn. Kọ́sítọ́mà mi kan ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ tú bẹ́ẹ̀lì aláwọ, pé kí n wá dúró tì í.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde: èbu, sìgá, òróró ẹ̀rọ. Nígbà tí a tú u tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kì í ṣe awọ rárá. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sójú aṣọ kó lè jọ awọ. Ooru àti ọ̀rinrin apá ibi tiwa yìí ń jẹ irú rẹ̀ láti inú wá. Kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́, tó kàn fi kọ́ sára hángà, ojú rẹ̀ yóò ṣáà máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tún un ṣe. Owó gidi ni àwọn ọmọ wa ń kó lé e lórí ní Èkó, ó sì ń dùn mí.

Ẹ má fi iná ìṣáná dán awọ wò. Mo ti rí jákẹ́ẹ̀tì tó dára tí wọ́n fi láítà jó ihò sí létí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá awọ ni, ihò náà sì ti di tirẹ̀ títí láé. Ẹ yí inú àpò rẹ̀ síta, tàbí kí ẹ wo abẹ́ kọ́là níbi tí wọn ò ti ran án pa. Ẹ̀yìn awọ gidi a máa hu irun wẹ́wẹ́, ẹ ò ní rí ìhunṣọ kankan níbẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: àwọn ihò irun ẹranko kì í jẹ́ ọgbọọgba, wọ́n pọ̀ níbì kan, wọ́n fọ́nká níbòmíì. Ti rọ́bà, bákan náà ni láti èjìká dé ìdí, nítorí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé awọ ni, ìbéèrè tó kàn ni awọ ẹranko wo. Ti àgùntàn rọ̀, ó fúyẹ́, ó sì tètè ya. Aṣọ oge ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe. Ti ewúrẹ́ ní hóró-hóró lójú, kì í sì í tètè gbó. Ti màlúù nípọn, ó wúwo, òun ló pọ̀ jù lára jákẹ́ẹ̀tì àwọn alùpùpù. Ti ẹṣin le, ojú rẹ̀ dì, ibi tó bá ti wé yóò máa dán. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì A-2, èyí tí ẹ̀ka òfuurufú ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 1931 fún àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn. N kò tíì rí A-2 gidi kan nínú bẹ́ẹ̀lì. Àdàkọ rẹ̀ ni mo ti rí lóríṣiríṣi.

Èyí tí wọ́n ń dà kọ jù lọ ni jákẹ́ẹ̀tì tí síípù rẹ̀ dábùú àyà. Irving Schott ló gé e ní New York ní 1928, ó sọ ọ́ ní Perfecto, orúkọ sìgá tó fẹ́ràn, dọ́là 5.50 ni wọ́n sì ń tà á nígbà náà. Kì í ṣe oge ló mú kó dábùú síípù. Bí ẹni tó gun alùpùpù bá tẹ̀ síwájú, síípù tó wà láàárín gbùngbùn yóò máa gún un níkùn, atẹ́gùn yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó dábùú ń jẹ́ kí awọ ṣẹ́po méjì níwájú àyà. Mò ń ro èyí bí àwọn zémidjan, ọlọ́kadà Kútọnú, ṣe ń sáré kọjá lójú títì nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò wọn tó ní nọ́ńbà. Aṣọ iṣẹ́ gidi nìyẹn náà. Oòrùn Kútọnú ti mú yẹ́lò náà lọ léjìká, ó ku ti abẹ́ apá. Ó wù mí kí ẹnì kan ní ìlú yìí máa tọ́jú wọn, kí ó tó di pé wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà tí a ò sì ní rí ọ̀kan fi hàn ọmọ wa.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì dúdú kan wà, awọ màlúù, tó wúwo dé ibi pé ọwọ́ kan kò tó láti gbé e sókè. Wọ́n ti já lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ kúrò. Mo nu orí síípù rẹ̀ pẹ̀lú àkísà: Lightning. Síípù Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti lọ, síípù ni ẹlẹ́rìí tó kù. Talon jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Éclair ti Faransé, Opti ti Jámánì. Wọn ò sọ ẹni tó rán aṣọ, àmọ́ wọ́n ń sọ ìhà tó ti wá, bí síípù náà bá sì jẹ́ irin tó ti gbó bákan náà pẹ̀lú awọ tó yí i ká, a jẹ́ pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀.

Kọ́sítọ́mà mi ní sẹ́fà 12,000. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti di 18,000 nìyẹn." A ná an títí, mo san 15,000. Mi ò ní tà á ní orúkọ ilé iṣẹ́ olókìkí kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ ọ́. Orúkọ tí kò sí lára aṣọ, ẹnu mi kò gbọdọ̀ fi kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà Lomé

A gba Grand-Popo lọ sí ẹnubodè Hilla-Condji, lẹ́yìn náà Aného, òkun ń bẹ lápá òsì wa fún ìgbà pípẹ́. Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó dé Lomé.

Nínú ọkọ̀, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Togo kan sọ̀rọ̀ nípa Amah Ayivi, ọmọ Togo tó ń ṣa aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ àtijọ́ ní ọjà Hédzranawoé, tó sì ń tà á ní Paris lábẹ́ orúkọ Marché Noir. Àwọn ará Yúróòpù kó o dànù, ọmọ Lomé ṣà á padà, ó sì gbé e dá wọn lóhùn gẹ́gẹ́ bí ohun iyì. Inú mi dùn pé ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó là ni èmi náà ń tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Hédzranawoé

Ìyá tí mo máa ń bá rajà níbí jẹ́ Ànàgó láti Kétu ti ilẹ̀ Benin. Ó ti pẹ́ ní Lomé débi pé ó ń fi èdè Mina ná owó, ó ń fi Yorùbá ṣàdúrà. Mo kí i, ó kí mi, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìdì kan lábẹ́ tábìlì: "Ọmọ mi, aṣọ bùlúù yín nìyẹn. Ẹlòmíì ò rà á."

Jákẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ Faransé ni. Àpò mẹ́ta níta, kọ́là tó tẹ́, bọ́tìnì láti òkè délẹ̀, kò ní aṣọ inú. Òwú líle tí wọ́n ń pè ní moleskin ni wọ́n fi rán èyí tó dára jù níbẹ̀. Ó dì tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn kì í tètè là á kọjá. Mo rí lébẹ́ẹ̀lì Le Mont St Michel lára ọ̀kan, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1913, àti Vétra lára òmíràn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti lẹ ìgbúnwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ bùlúù tó dúdú ju ti ara rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni ẹlòmíì tún fi òwú funfun rán orí ìlẹ̀ náà. Ọwọ́ méjì ni, ìránṣọ wọn kò jọra: ọ̀kan ń ran kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́, ìkejì ń já a gùn. Ó ṣe tán, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la ni, wọn ò ro pé ẹnikẹ́ni yóò wò ó. Àwọn kan máa ń tú ìlẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tà á, kí aṣọ lè "mọ́". Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí wọ́n rán lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n ń jù dànù yẹn.

Ìgbà tí mo ń kó wọn jọ ni mo rí kóòtù dúdú kan tí wọ́n fi ṣe ìjókòó lórí àga ìyá náà. Irun àgùntàn tó nípọn, èjìká rẹ̀ ní awẹ́ rọ́bà dúdú kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Kóòtù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní donkey jacket ni. Mo ní kí wọ́n dákun dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà mẹ́ta tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́: NCB.

"Wọ́n ní ti àwọn akólẹ̀ ni," ìyá náà wí.

"Rárá, màmá. Ti àwọn awa-èédú ni."

Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún wọn. National Coal Board ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé gbogbo ibi ìwakùsà èédú lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1947, orúkọ náà sì yí padà sí British Coal ní 1987. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n ti fún ẹnì kan ní kóòtù yìí. Bóyá ó wọ̀ ọ́ ní 1984 sí 1985, nígbà tí àwọn awa-èédú yanṣẹ́ lódì fún nǹkan bí ọdún kan, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìrí ohun tí wọ́n ń jà fún gbà. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, Enugu ni ó wà lọ́kàn mi, Iva Valley, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, nígbà tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awa-èédú 21. Mi ò tíì rí aṣọ iṣẹ́ ẹyọ kan tó ti ọwọ́ àwọn ará Enugu wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn bá ní ṣẹ́ẹ̀tì, àtùpà tàbí fìlà kan, kí wọ́n má ṣe jù ú nù, kí wọ́n má sì tà á fún mi. Kí wọ́n gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìyá náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Màmá, ẹ má gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọmọ awa-èédú kan wà ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò san ju ìyẹn lọ dáadáa nítorí bàbá rẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló ń rajà tó ń fowó lé e?" Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó wá gbọ́ ohun tí Ànàgó Èkó yìí ń wí. A sọ ọ́ títí ó fi yé wa: mo san 10,000 lójú ẹsẹ̀, bí àbúrò mi bá tà á, a ó yọ owó ẹrù àti 10,000 náà kúrò, a ó sì pín ìyókù sí méjì. Ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, èmi náà kọ ọ́ sínú tèmi. Ó wá ní kí n sọ àwọn lẹ́tà tí àwọn gbọ́dọ̀ máa wá lára aṣọ. Mo ya àwọn orúkọ síípù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí àpò síta láti mọ awọ, mo sì fi E ńlá àti E kékeré hàn án. Ó béèrè ìbéèrè tó dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ní London ń béèrè lọ: bí wọ́n bá ti pààrọ̀ síípù ńkọ́? Mo ní kó wo òwú ìránṣọ rẹ̀, bóyá ó bá ti ibi tó kù mu, kó sì wá ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó ṣófo lẹ́bàá rẹ̀. Awọ kì í gbàgbé ihò abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, Lomé

Èbu ni mo fi gbogbo ọjọ́ bá jà. Níta ni mo ti gbọn ọ́n kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, kí ó má bàa fò mọ́ èyí tó kù. Mo po fínígà àti omi ní dọ́gbadọ́gba, mo fi àkísà tí mo fún gbẹ nu awọ náà, mo sì fi kọ́ sí òjìji níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Oòrùn yóò mú un le, yóò sì fọ́.

Àwọn kan ń fi òróró ẹ̀pà pa á kí ó lè dán lọ́jọ́ ọjà. Òróró oúnjẹ yóò kan lára awọ, yóò sì tún pe èbu padà. Ìpara awọ díẹ̀ tó, kí a fún un lálẹ́ kan kó wọ inú, kí a nu ìyókù kúrò. Síípù Lightning náà ti le koko. Mo fi àbẹ́là ra eyín rẹ̀ lọ sókè sódò, ó sì ń lọ geere. Mi ò pààrọ̀ ohunkóhun. Mo wọn gbogbo wọn, èjìká, àyà, apá, gígùn ẹ̀yìn, mo ya fọ́tò ibi tó dára àti ibi tó ti bàjẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó dáhùn lórí NCB náà kíákíá pé òun kò ní gbé e lọ sí Brick Lane, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n ní South Wales tàbí Yorkshire, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, Lomé

Bébà ni mo fi di aṣọ aláwọ, n kì í fi ọ̀rá dì í, nítorí ọ̀rá ń sé ooru mọ́ ọn. Mo kó bébà sínú apá wọn kí wọ́n má bàa wé pa. Mo kọ ọ́ sórí ìwé ẹrù bó ṣe rí, aṣọ àlòkù, iye tí mo rà á gan-an. Wọ́n wọ̀n ọ́n, mo sanwó, mo gba rìsíìtì.

Mo ti wà nínú takisí tó ń lọ sí gáréèjì Kútọnú nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá ará Kétu ni.

"Ọmọ mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì kan. Síípù rẹ̀ kọ O, P, T, I."

"Ti Jámánì nìyẹn, màmá. Ṣé awọ ni?"

"Mo ti yí àpò rẹ̀ síta, ó hu irun. Ihò abẹ́rẹ́ kankan ò ṣófo."

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Mi ò sì ní gbọ́ ẹ̀dínwó."

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e pamọ́, mo sì sọ fún onímọ́tò pé kó yí padà sí Hédzranawoé.